Mílíọ̀nù 9 ló wà lọ́wọ́ mi: kí n ra ilẹ̀ kọ́ self-con (yàrá tó ní balùwẹ̀ àti ilé ìdáná tirẹ̀) ní Ilé-Ifẹ̀, àbí kí n ra ilé àtijọ́?

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iléṣà ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe. Mílíọ̀nù 9 náírà ni mo ní, mo sì fẹ́ fi ṣe ilé tí màá máa gba owó lórí rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU, yunifásítì tó wà níbẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà nílẹ̀. Ẹbí kan ń ta pulọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, lápá Parakin. Ejẹ́ńtì kan tún mú ilé àtijọ́ oníyàrá mẹ́fà wá ní Modákẹ́kẹ́. Ayálégbé mẹ́rin ṣì ń gbé inú rẹ̀, ó ní àwọn yẹn ò ní wàhálà. Mi ò ní ilé rí. Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì? Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó? Ṣé kí n yáwó kún un kí n lè kọ́ yàrá mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ẹ jọ̀ọ́, iye gan-an àti ìgbésẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ gbọ́.

---

Màmá_Lágéré

Ọmọ mi, mú bírò ná kí o tó lọ wo ilẹ̀ kankan.

Owó tí ayálégbé san ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń kà. Èyí tó kù lẹ́yìn ìnáwó ló yẹ kó kà. Àpẹẹrẹ ni màá fi ṣe é. Iye tí wọ́n bá dá lé ẹ lọ́wọ́, fi í rọ́pò tèmi. Ká ní self-con mẹ́jọ, tilẹ̀ tilé, jẹ mílíọ̀nù 40. Ká ní yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú ₦300,000 wá lọ́dún. Ìyẹn ₦2,400,000. Bí o bá wò ó báyìí, wàá ní kò ní tó ọdún 17 tí owó mi á fi padà.

Ó yá, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Yàrá kì í kún láti Jánúárì dé Dìsẹ́ńbà, yọ oṣù kan nínú méjìlá: ₦200,000. Àtúnṣe, yọ ìdámẹ́wàá: ₦240,000. Iléṣà lo wà, ẹlòmíràn ló máa bá ẹ mójú tó ilé, àwọn tó ń ṣe é sì sábà máa ń gba ìdámẹ́wàá owó ilé: ₦240,000 mìíràn. Iná tó ń fa omi, gbígbálẹ̀ àyíká, kíkó sókàwéè nígbà tó bá kún, ká ní ₦150,000. Owó orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà àti nǹkan wẹ́wẹ́, ₦30,000. Ohun tó kù jẹ́ ₦1,540,000. Kò tó náírà mẹ́rin lórí ọgọ́rùn-ún tí o ná. Ọdún 26 ni owó yẹn máa fi padà.

Ìdí nìyẹn tí màá fi ní rárá lórí yíyáwó báńkì. Yá mílíọ̀nù 10 ní èlé 25 nínú ọgọ́rùn-ún, èlé ọdún kan jẹ́ mílíọ̀nù 2.5. Owó gbogbo yàrá mẹ́jọ ò tó èlé yẹn, ojú owó ṣì wà níbẹ̀. Owó kọpuretíìfù ibi iṣẹ́ yàtọ̀ nítorí èlé rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n má gbà ju èyí tí owó oṣù rẹ lè dá san bí ilé náà ò bá tíì mú kọ́bọ̀ wálé.

Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé owó ilé ń gòkè, ilẹ̀ náà sì ń wọ́n sí i. Ẹni tó bá lè dúró ló ń jẹ ẹ́. Bí o bá mọ̀ pé o máa nílò owó yìí láàárín ọdún mẹ́ta fún owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ tàbí ìtọ́jú ara, má fi kọ́lé.

---

Lọ́yà_Ẹnuwá

Ẹ kú ìbéèrè. Màmá ti ṣe ìṣirò, ẹ jẹ́ kí n mú ti ìwé, nítorí ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá pé lè kọ́lé tán kí ó má lè gba owó ilé kan níbẹ̀.

Ilẹ̀ Parakin. Ẹ ní ẹbí ló ń tà á. Ohun tí òfin sọ lórí ilẹ̀ ẹbí nìyí: bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí olórí ẹbí bá dá tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí mọ̀, wọ́n lè gba kóòtù lọ kí wọ́n sì yí i dànù, bí wọ́n bá tètè ṣe é. Nítorí náà, ìbuwọ́lùwé Dáwódù, ìyẹn olórí ẹbí, nìkan kò tó. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ ní kí wọ́n ka ìdí-igi tó wà nínú ẹbí náà fún yín: ìyàwó mélòó ni bàbá tó ni ilẹ̀ fẹ́, ta ni àgbà ní ìdí-igi kọ̀ọ̀kan báyìí. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ ó sanwó, kí àgbà kan láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan buwọ́ lùwé pẹ̀lú olórí ẹbí. Bí wọ́n bá ka mẹ́rin fún yín, tó jẹ́ pé mẹ́ta ló wá, ẹ fi owó yín sápò títí ìkẹrin á fi dé. Ẹ má gba "ó wà l'Ékòó, ó ti gbà lórí fóònù".

Bí ilẹ̀ bá wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí oko ṣì wà, ẹ tún bèèrè bóyá onílẹ̀ gan-an ló ń tà á, tàbí ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn ohun tí ẹni tó ń lo ilẹ̀ ń san fún onílẹ̀. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè ti wà lórí ilẹ̀ náà láti ayé bàbá bàbá rẹ̀, ìyẹn ò ní kó lè dá a tà láìsí onílẹ̀.

Ẹ gba ìwé sọ̀fé lọ́wọ́ wọn. Ẹ gbé e fún sọ̀fíyọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín mú wá. Yóò wá òpó bíkìnnì (òpó ààlà) mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ilẹ̀, yóò ka nọ́ńbà tó wà lórí wọn bóyá wọ́n bá ti inú ìwé mu, yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì Sọ̀fíyọ̀ Àgbà ti ìpínlẹ̀ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Nínú ìlú tí ilẹ̀ yunifásítì fẹ̀ tó báyìí, ẹ má fojú kéré ìgbésẹ̀ yìí.

Rìsíìtì ẹbí kò tó. Kí lọ́yà ṣe ìwé ìfilẹ̀fúnni tó kún, tó dárúkọ ìwé sọ̀fé nínú rẹ̀. Bí àgbà kan nínú àwọn tó ń tà á kò bá mọ̀ ọ́n kà, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ka ìwé náà fún un ní Yorùbá, ó sì yé e kó tó tẹ̀ka. Bí wọn ò bá kọ èyí, ẹnu ibẹ̀ ni agbẹjọ́rò ẹlòmíràn á gbà wọlé. Bí ilẹ̀ bá ti ní C of O (ìwé-ẹ̀rí ìní ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba), Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, abala 22, ní ẹ gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí gómìnà. Sẹkitéríàtì Abéré, l'Óṣogbo, ni ẹ ó bá a lọ.

Ilé Modákẹ́kẹ́ ńkọ́? Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé ẹni tó kọ́ ọ ṣì wà láyé? Bó bá ti kú láìṣe ìwé ìhágún, àwọn ọmọ kò lè tà á bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n mú ìwé tí Kóòtù Gíga fi yan ẹni tí yóò bójú tó dúkìá olóògbé wá, kí gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ sì buwọ́ lùwé. Ìkejì ni ti àwọn ayálégbé mẹ́rin náà. Ẹ fẹ́ rí rìsíìtì tí olúkúlùkù gbà gbẹ̀yìn, láti ọwọ́ ayálégbé fúnra rẹ̀, kì í ṣe láti ọwọ́ ejẹ́ńtì. Bí onílé bá ti gba owó ọdún méjì sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni méjì kó tó tà á fún yín, owó yẹn ti wọ àpò rẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ó sì jẹ́ kí wọ́n gbé ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ yọ ọ́ nínú iye tí ẹ máa san. Ẹ tún béèrè bíìlì iná tó gbẹ̀yìn, ẹ kà á dé ibi tí wọ́n kọ gbèsè àtẹ̀yìnwá sí.

---

Bíríkìlà_Àgbà

Mo fara mọ́ ohun tí Lọ́yà sọ. Lẹ́yìn ìwé, omi ló kàn. Ayálégbé á gba yàrá tí kò ní sílíìnì, kò ní gba yàrá tí kò lómi ju ọdún kan lọ.

Ẹ lọ sí ilẹ̀ náà ní oṣù Kẹta, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti fa omi dé ìsàlẹ̀, ẹ bẹ aládùúgbò kí ẹ wo kànga rẹ̀. Ẹ so òkúta mọ́ orí okùn gígùn, ẹ sọ ọ́ sísàlẹ̀ títí okùn á fi dẹ̀, ẹ fà á sókè. Ibi tó rin lára okùn ni iye omi tó wà níbẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ ṣe é ní ìdájí kí wọ́n tó pọnmi, ẹ tún ṣe é nírọ̀lẹ́. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́fà ní ìdájí, tó sì ṣẹ́ ku ẹsẹ̀ kan nírọ̀lẹ́, ojú omi ibẹ̀ ò yára. Kànga kan ò ní sin yàrá mẹ́jọ. Tiyín, ẹ gbẹ́ ẹ láàárín oṣù Kejì sí Ìkẹta. Èyí tí wọ́n bá gbẹ́ lásìkò òjò máa ń tètè rí omi, agbẹ́kànga á ní ó ti tó, yóò sì gbẹ táútáú kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Ní ti bọ́ọ̀hóò, àpáta ló wà lábẹ́ Ifẹ̀. Inú ilẹ̀ jíjẹrà tó wà lórí àpáta àti ojú ibi tí àpáta ti sán ni omi ń fara pamọ́ sí, nítorí náà pulọ́ọ̀tì méjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ọ̀kan lómi kí èkejì máà ní. Ẹ sanwó fún ẹni tó ń fi wáyà àti bátìrì wádìí abẹ́ ilẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé. Owó rẹ̀ kéré gan-an sí owó ihò tó gbẹ.

Kànga níwájú, sókàwéè lẹ́yìn, lórí pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ 50 sí 100. Kí ó má dín ní ẹsẹ̀ 50 láàárín wọn, bó bá lè tó 80 ó sàn, kí kànga sì wà lápá ibi tí ilẹ̀ ga sí. Kò parí síbẹ̀. Ẹ gun búlọ́ọ̀kù kan, ẹ yọjú wo ọgbà àwọn aládùúgbò ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ bá rí pẹpẹ kọ́ńkéré tó dọ́gba mọ́lẹ̀, tí páìpù kan yọrí sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sókàwéè rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ibẹ̀ wá sí ibi tí ẹ fẹ́ gbẹ́ kànga. Ọ̀pọ̀ onílé ló ń sá fún ti ara wọn tí wọ́n sì ń gbẹ́ kànga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹlòmíràn.

Mílíọ̀nù 9 yín ò lè kọ́ yàrá mẹ́jọ, kò sì yẹ kó gbìyànjú. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á fi gbogbo owó gbé yàrá mẹ́jọ dé ojú fèrèsé, owó á tán, òjò á máa rọ̀ sórí búlọ́ọ̀kù fún ọdún mẹ́ta, kò sì sí náírà kan tó wọlé. Ẹ ya àwòrán gbogbo ilé náà, ẹ gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé lórí rẹ̀, kí ẹ wá kọ́ méjì ní ẹ̀yìn pulọ́ọ̀tì, kí ẹ parí wọn pátá, kí ayálégbé kó wọlé. Kí ẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀ náà ṣí sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ 12, láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìn. Tírélà iyanrìn ò ní gba ibẹ̀, ṣùgbọ́n típà kékeré á gbà á, ọkọ̀ tó ń kó sókàwéè náà á gbà á. Ẹni tó bá dí ọ̀nà yìí, orí ni wọ́n máa fi ru iyanrìn yàrá tó kù, páìpù ọkọ̀ ìkódọ̀tí ò sì ní dé ẹ̀yìn.

Kí balùwẹ̀ yàrá méjèèjì fi ẹ̀yìn kan ara wọn, páìpù kan á sin méjì. Páìpù oníǹṣì mẹ́rin láti ilé ìgbẹ́ gbọ́dọ̀ dà sísàlẹ̀ ní ǹṣì mẹ́ta nínú ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Bó bá tẹ́jú jù, ìgbẹ́ á dúró. Níbi gbogbo tó bá ti yà, ẹ ṣe ihò àyẹ̀wò olómọrí. Láìsí èyí, ọjọ́ tó bá dí, ilẹ̀ yàrá ni pọ́ńbà máa fọ́. Kí ẹ tó lẹ táìsì sí balùwẹ̀, ẹ dí ihò ìṣàn omi, ẹ rọ omi kún ilẹ̀ rẹ̀ ní ǹṣì méjì, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ wo ògiri yàrá tó kàn án. Ibi tí ọ̀dà máa ń bó bíi èèpo alùbọ́sà ní ìsàlẹ̀ ògiri, tí iyanrìn ń hó jáde lábẹ́ rẹ̀, balùwẹ̀ tí wọn ò dán wò báyìí lè wà lára ohun tó fà á.

Búlọ́ọ̀kù: yàrá ẹsẹ̀ 12 sí 12 tí ògiri rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ 9 máa gba bíi 350 sí 400 búlọ́ọ̀kù oníǹṣì mẹ́sàn-án bó bá dá dúró; ògiri àjọni á dín in kù. Kò yẹ kí wọ́n mọ ju 30 sí 35 lọ nínú àpò sìmẹ́ǹtì kan. Ẹ bèèrè iye tí wọ́n ń mọ, kí ẹ fi èékánná ha igun rẹ̀. Bó bá ń dà bíi gààrí, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ má sì ra sìmẹ́ǹtì jọ fún iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ nítorí owó rẹ̀ ń lọ sókè. Bó bá ti kọjá oṣù mẹ́ta nínú ilé, agbára rẹ̀ á ti dínkù.

---

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo pe ejẹ́ńtì ilé Modákẹ́kẹ́. Olóògbé ló kọ́ ọ, ọmọ méjì nínú márùn-ún ló ń tà á, kò sí ìwé kóòtù. Mo ti yọwọ́ ńbẹ̀. Ti Parakin, màá dúró kí sọ̀fíyọ̀ ṣe tirẹ̀, màá sì lọ wọn kànga. Ìbéèrè tó kù: akẹ́kọ̀ọ́ ni kí n fi sí yàrá méjèèjì àbí òṣìṣẹ́? Báwo ni kí n ṣe kọ àdéhùn wọn?

---

Alábòójútó_Mayfair

Ẹ fi akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀kan, òṣìṣẹ́ sí ọ̀kan. Ẹ rántí pé ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kẹta dé oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀ láti 14 Fẹ́búárì dé 14 Ọkítóbà ọdún 2022. Lásìkò bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á tilẹ̀kùn, á lọ sílé, kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹrù á wà nínú yàrá. Nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn kì í fi ìlú sílẹ̀ báyẹn, wọ́n sì máa ń pẹ́ nínú ilé.

Ẹ má kọ "fún sẹ́ṣọ̀n kan" sínú àdéhùn akẹ́kọ̀ọ́ láé. Sẹ́ṣọ̀n lè fà di ogún oṣù, ayálégbé á sì ní sẹ́ṣọ̀n tí òun sanwó fún ò tíì parí. Ohun tí ẹ kọ ló ń kà fún yín. Ọjọ́ ni kí ẹ kọ: "láti 1 Ọkítóbà dé 30 Sẹ̀tẹ́ńbà", pẹ̀lú ọdún rẹ̀.

Ọjọ́ ìparí yìí wúlò fún ohun mìíràn. Ayálégbé tó ń san lọ́dọọdún láìsí ọjọ́ ìparí lẹ́tọ̀ọ́ sí nọ́tíìsì oṣù mẹ́fà bí àdéhùn ò bá sọ iye mìíràn; èyí tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan. Àmọ́ bí àdéhùn bá ní ọjọ́ ìparí, tí ọjọ́ náà kọjá, tí ẹ ò sì tíì gba owó tuntun, nọ́tíìsì ọjọ́ méje pé ẹ ń lọ sí kóòtù ló kù. Bí ẹ bá fi àánú gba ₦50,000 lọ́wọ́ rẹ̀ "kí n fi mú un dání", ẹ ti lè sọ ọ́ di ayálégbé tuntun, nọ́tíìsì gígùn sì lè bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bó ti wù kó rí, ẹ má yọ ilẹ̀kùn, ẹ má ṣí páànù, ẹ má gé wáyà iná rẹ̀. Kóòtù nìkan ló lè ní kó jáde, ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé ayálégbé ni kóòtù á dá lẹ́bi.

Ẹ kọ iye ènìyàn tó máa gbé yàrá. Méjì, ó pọ̀ tó. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á gba yàrá, ọ̀rẹ́ mẹ́ta á kó wọlé tẹ̀lé e, sókàwéè tí ẹ ṣírò fún ènìyàn mẹ́rin á máa gba ti mẹ́fà. Kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní mítà tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀; pínpín owó iná ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín àwọn ayálégbé.

---

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà

Owó kọ́ṣọ́ọ̀nù, èyí tí ayálégbé ń fi sílẹ̀ nítorí ohun tó bá bàjẹ́, ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ṣé kí n máa gbà á?

---

Alábòójútó_Mayfair

Ẹ gbà á, kí ẹ sì gbé e sí àkáǹtì ọ̀tọ̀, nítorí owó ayálégbé ni títí yóò fi lọ. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ kó wọlé, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ rìn yípo yàrá náà pẹ̀lú ìwé ojú kan: kọ́kọ́rọ́ mélòó, gíláàsì fèrèsé mélòó ló pé, ṣé ẹ̀rọ omi kò jò, ṣé ọ̀nà omi balùwẹ̀ ń lọ, kí ni mítà kà. Ẹ fi fóònù ya gbogbo rẹ̀, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ilẹ̀ àti sílíìnì, kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lu ìwé náà. Lọ́jọ́ tó bá ń lọ, ìwé yẹn kan náà ni ẹ ó gbé dání, ẹ ó sì yọ iye ohun tó bàjẹ́ nìkan, pẹ̀lú rìsíìtì àtúnṣe rẹ̀. Ọ̀dà tó ṣá nítorí pé ó ti pẹ́, ẹ má yọ owó rẹ̀ lọ́wọ́ ayálégbé.